Imoudu, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àtàwọn ará apá òsì: níbo gan-an ni okùn yẹn ti so?

Lóṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí ìwọ́de EndBadGovernance ṣì gbóná lẹ́nu gbogbo èèyàn, ọlọ́pàá ya wọ ilé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC l'Abuja lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní àwọn ò bá NLC jà o, pé òyìnbó kan tó háyà ṣọ́ọ̀bù nínú ilé náà làwọn ń wá. Kí ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún? Ìwé. Ìwé àwọn sósálíìsì, ìwé ìtàn òṣìṣẹ́, irú ìwé báyẹn. Kí oṣù náà tó parí, lẹ́tà ọlọ́pàá ti dé ọ̀dọ̀ ààrẹ NLC, Joe Ajaero, pé kó wá sọ tẹnu ẹ̀ lórí ẹ̀sùn ńlá ńlá, títí kan ọ̀tẹ̀ sí ìjọba àti owó fún àwọn agbésùnmọ̀mí. Ọkùnrin náà ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ibi tí mo ti ń gẹ irun ni mo wà nígbà tí ìròyìn yẹn ń jà ràn-ìn. Ẹnìkan ní ṣé ẹ rí i, mo ti ń sọ ọ́, kọ́múníìsì ni gbogbo àwọn kómíréèdì yìí látilẹ̀wá. Ẹnìkejì ní irọ́ ni, Labour Party ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, ṣebí NLC ló ni Labour Party. Onígbàjámọ̀ wa fúnra ẹ̀ wá dá ẹ̀rọ dúró, ó ní kí ni wọ́n ń pè ní left wing gan-an, ṣé ìyẹ́ adìẹ ni? Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin ni wọ́n ti rò pọ̀ níbẹ̀ bí àmàlà tó ní kókó, ìdí tí mo ṣe ń kọ èyí nìyẹn: báwo ni adarí òṣìṣẹ́ ṣe ń so mọ́ apá òsì? Michael Imoudu, adarí òṣìṣẹ́ reluwé ayé àtijọ́, ni màá fi tú u.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìbéèrè onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Apá òsì" yìí kì í ṣe èébú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jọ èébú létí wa. Àwa náà la ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ọmọdé tó bá sì fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ó mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Ẹ má tún lọ fi àmì sábẹ́ s yẹn o, á di òṣì, ìyẹn sì ti di ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ilẹ̀ Faransé lorúkọ náà ti wá, lọ́dún 1789, nígbà tí àwọn aṣojú ń jiyàn lórí iye agbára tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ọba. Àwọn tó fẹ́ kí ọba ṣì lágbára jókòó sápá ọ̀tún alága, àwọn tó fẹ́ gé e kù jókòó sápá òsì. Ìjókòó lásán ló di orúkọ. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá ní kí ọrọ̀ ìlú má kóra jọ sọ́wọ́ èèyàn díẹ̀, kí òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ rí ìpín tó tọ́ jẹ nínú ohun tí wọ́n fi òógùn ṣe, apá òsì ni wọ́n máa ń kà á mọ́.

Àmọ́ inú apá òsì yẹn fẹ̀ bí ọjà Ọ̀yìngbò. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kàn fẹ́ kí ìjọba ṣe ilé ìwé ọ̀fẹ́, kó ṣe ọsibítù, kó sì fún èèyàn lówó oṣù tó ká oṣù. Awólọ́wọ̀ pàápàá pe ètò tiẹ̀ ní sóṣálíísìmù, ẹgbẹ́ Action Group sì gbé e lárugẹ láwọn ọdún 1960, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa pe Awólọ́wọ̀ ní kọ́múníìsì. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń ka Marx, tí wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ olówó pátápátá, kó di ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn yẹn ni wọ́n sábà máa ń pè ní kọ́múníìsì. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn sínú àpò kan ṣoṣo, ó dà bí ẹni tó ń pe gbogbo oníṣọ́ọ̀ṣì ní Aládùúrà.

Ó tún ku ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀. Yúníọ̀n ń wá owó oṣù, wákàtí iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, kí ọ̀gá má kàn lé èèyàn dànù lójijì. Inú ẹ̀ lẹ ti máa rí ọmọ APC, ọmọ PDP, ẹni tí ò dìbò rí láyé ẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú ní tiẹ̀ ń wá ìjọba. Ó yẹ kó rọrùn láti mọ méjèèjì yàtọ̀, kí wá ló fà á tí kì í fi í rọrùn? Ohun tó fà á ni pé ní Nàìjíríà, láti ayé òyìnbó, ìjọba ni ọ̀gá tó tóbi jù. Ìjọba ló ni reluwé, òun ló ni ilé ìfìwéránṣẹ́, òun ló ni èédú Enugu, òun ló ni PWD tó ń la títì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá ní kí ọ̀gá òun fi owó kún owó, gómìnà ló ń bá wí yẹn, ó ti wọ òṣèlú nìyẹn bó fẹ́ bó kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa tú gbogbo ìyókù.

Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ẹ̀ ni Michael Imoudu, ẹni tí wọ́n ń pè ní Labour Leader Number One. Ọmọ Ora ni, ní Edo òní, ọdún 1902 ni wọ́n bí i. Èkó ló wá wáṣẹ́ wá, ó sì rí i ní reluwé ní Ebute Mẹ́ta, ní yàrá iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ ojú irin. Kì í ṣe lọ́yà, kò lọ sí yunifásítì kankan, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe láàárín irin àti epo. Nígbà tí òfin ọdún 1938 fàyè gba yúníọ̀n láti forúkọ sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ reluwé tí Imoudu ń darí ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ní 1940.

Ogun àgbáyé wá dé, gbogbo nǹkan wọ́n. Owó oúnjẹ ń lọ sókè, owó iṣẹ́ dúró sójú kan. Lọ́dún 1941 Imoudu kó àwọn òṣìṣẹ́ reluwé jáde ní Ebute Mẹ́ta, wọ́n fẹsẹ̀ rìn títí dé ilé gómìnà lérékùṣù Èkó, wọ́n ní Gómìnà Bourdillon fúnra ẹ̀ làwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀gá kékeré kankan. Wọ́n rí nǹkan gbà. Nígbà tó di 1943, wọ́n lé e níṣẹ́, wọ́n sì fi òfin ogun gbé e kúrò l'Èkó, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ní Benin, wọ́n tún wá há a mọ́ Auchi, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ìparí oṣù karùn-ún 1945 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, àwọn èrò tó sì jáde lọ pàdé ẹ̀ l'Èkó, bí ẹni pé ọba ló ń bọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti dúró wòye díẹ̀ nìyí. Títí di ọjọ́ tó padà dé yẹn, kò sí Marx nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, kò sí Rọ́ṣíà. Owó gàrí ló gbé e dẹ́wọ̀n. Ẹ̀sùn tí òyìnbó fi kàn án ni pé ó léwu fún ìlú lásìkò ogun, ṣé ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ owó oṣù ṣe ń di ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀, látọdún yẹn wá ni.

Kò tíì pé oṣù kan tó dé tí sítíráìkì ńlá bẹ̀rẹ̀, lóṣù kẹfà 1945. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí ìjọba fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà tí wọ́n ń pè ní COLA, kí ẹni tó kéré jù sì máa gba ṣílè méjì àti sísì lóòjọ́. Yúníọ̀n 17 ló dì í pọ̀. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀gá TUC, àpapọ̀ àwọn yúníọ̀n nígbà yẹn, gan-an fẹ́ kí wọ́n sún un síwájú, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n tẹ̀lé Imoudu. Reluwé dúró, lẹ́tà ò lọ, wáyà ò lọ, ó sì lé ní ogójì ọjọ́ kó tó parí. Ìwé ìròyìn Azikiwe méjì, West African Pilot àti Daily Comet, tí wọ́n ń gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́, ìjọba tì wọ́n pa lóṣù keje. Hubert Ogunde gbé eré lórí ìyanṣẹ́lódì yẹn jáde lọ́dún náà gan-an, nítorí náà ẹni tí ò ka ìwé ìròyìn náà gbọ́. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní kí wọ́n fi ìdajì yẹn kún un.

Ìgbà yẹn gan-an ni òṣèlú wá bá Imoudu nílé. Ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ti wà láti 1944, Herbert Macaulay ni ààrẹ, Azikiwe ni akọ̀wé, àwọn náà sì mọ iyì èèyàn tó lè dá reluwé dúró. Nígbà tí NCNC rin ìrìnàjò káàkiri Nàìjíríà ní 1946, Imoudu bá wọn lọ. Ìrìnàjò yẹn ni àìsàn ti kọlu Macaulay ní Kano, tó sì padà kú l'Èkó. Nítorí náà okùn òṣèlú àkọ́kọ́ tí Imoudu so, okùn kí òyìnbó máa lọ ni, kì í ṣe okùn apá òsì. Kò jẹ́ tuntun fún un pé kéèyàn bá gómìnà jà.

Ará apá òsì gidi dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn Zikist, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀lé Azikiwe, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1946, nígbà tó sì yá wọ́n le ju Zik tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ẹgbẹ́ lọ. Nduka Eze wà lára àwọn olórí wọn, òun náà sì ni akọ̀wé yúníọ̀n àwọn òṣìṣẹ́ UAC, ilé iṣẹ́ oníṣòwò òyìnbó, sósálíìsì pọ́ńbélé ni. Oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà ní Iva Valley l'Enugu, èèyàn 21 kú. Gbogbo ìlú gbóná. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ Zikist, Imoudu àti Eze sì para pọ̀ dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Nigerian Labour Congress. Ẹ má gbé e fún NLC òní o, orúkọ ló jọra. Imoudu ni ààrẹ, Eze ni akọ̀wé àgbà. Lóṣù Dísẹ́ńbà 1950 wọ́n pe sítíráìkì sí àwọn ilé iṣẹ́ oníṣòwò òyìnbó, sítíráìkì náà fọ́, gbogbo ilé náà sì wó lé wọn lórí.

Ní tèmi o, ibẹ̀ ni àṣírí ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn Eze ní kálàmù, wọ́n ní èrò, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ìjà, wọ́n mọ ohun tó ń lọ ní London àti Prague. Ohun tí wọn ò ní ni èrò ẹ̀yìn. Imoudu ní èrò ẹ̀yìn. Tó bá dúró lórí àga ní Ebute Mẹ́ta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á jáde. Nítorí náà àwọn méjèèjì nílò ara wọn, bí ọlọ́kọ̀ àti oní-pẹtiróòlù, àmọ́ ọlọ́kọ̀ kì í torí ìyẹn di oní-pẹtiróòlù. Ẹ máa rí i jálẹ̀ ayé ọkùnrin yìí: ẹgbẹ́ apá òsì kan á dìde, á wá bá a, á fi í ṣe ààrẹ, ẹgbẹ́ náà á fọ́, Imoudu á ṣì wà níbẹ̀.

Ó tó àkókò ká dé ibi tó ń da orí gbogbo èèyàn rú, ìyẹn àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè. Lẹ́yìn ogun, lóṣù kẹwàá 1945, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbogbo ayé pàdé ní Paris, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní WFTU. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Rọ́ṣíà wà níbẹ̀, inú gbogbo wọn dùn. Kò pẹ́ tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú burúkú, ni àwọn tó wà lẹ́yìn Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì bá jáde, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ní London lóṣù Dísẹ́ńbà 1949, wọ́n pè é ní ICFTU. WFTU wá di ilé àwọn kọ́múníìsì. Àwọn méjèèjì sì yíjú sí Áfíríkà: owó, ìdálẹ́kọ̀ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, sikọ́láṣíìpù. Lójú àwọn òṣìṣẹ́ tí ò lówó ọ́fíìsì, ẹ̀bùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì Moscow, wọ́n á pè é ní kọ́múníìsì, ẹni tó bá gba ti New York, wọ́n á pè é ní ọmọ CIA, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n pé ṣé òṣìṣẹ́ reluwé ti gba owó oṣù.

Ọ̀rọ̀ àjọ wo la máa bá lọ yìí ló fọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà sí wẹ́wẹ́ fún nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní 1953 wọ́n dá àpapọ̀ yúníọ̀n tuntun kan, ANTUF, sílẹ̀, Imoudu ààrẹ, Gogo Chu Nzeribe akọ̀wé. Ó fọ́. Ní 1959 wọ́n tún para pọ̀, Imoudu ààrẹ. Kí 1960 tó parí, ó tún ti fọ́. Ní 1962 wọ́n pàdé n'Ibadan, wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí àwọn máa fi ìbò yanjú ẹ̀. Ìbò gbè sẹ́yìn ICFTU, ni Imoudu àtàwọn èèyàn ẹ̀ bá dìde, wọ́n jáde, wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀. Àwọn tó kù fi Adebola ṣe ààrẹ. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti há gbogbo orúkọ yẹn sórí, àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an máa ń ṣì wọ́n pè. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kéèyàn wà nínú ẹgbẹ́ tó bá WFTU ṣe kò sọ ọ́ di kọ́múníìsì, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sọ ará ICFTU di òyìnbó. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà lásán ni, kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó wà nínú ọkàn.

Ẹ̀rí wo ni mo ní? Ẹ wo ọdún 1964. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ CIA àti ọmọ Moscow lánàá, gbogbo wọn jọ jókòó sídìí tábìlì kan, wọ́n dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ sílẹ̀, Adebola níbẹ̀, Imoudu níbẹ̀, Wahab Goodluck, adarí òṣìṣẹ́ apá òsì mìíràn, níbẹ̀. Ìjọba Balewa ti gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adeyinka Morgan kalẹ̀ lórí owó oṣù, ìgbìmọ̀ náà ti ṣiṣẹ́ tán, ìjọba wá jókòó lé ìwé ẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, gbogbo Nàìjíríà dúró. Ọjọ́ 13 ni wọ́n fi dúró bẹ́ẹ̀, láti ibùdókọ̀ ojú omi Apapa dé Kano, kí ìjọba tó gbà láti jókòó bá wọn dúnàádúrà lórí owó náà. Kò sẹ́ni tó béèrè àjọ òkèèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì láàárín ọjọ́ 13 yẹn.

Wọ́n wá rò pé tí òṣìṣẹ́ bá lè tẹ̀lé wa báyìí, wọ́n á dìbò fún wa náà. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹgbẹ́ òṣèlú apá òsì tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn tún pé méjì. Ọ̀kan ni SWAFP, ìyẹn Socialist Workers and Farmers Party, tí Dókítà Tunji Otegbeye àti Goodluck dá sílẹ̀ ní 1963, èyí tó sún mọ́ Rọ́ṣíà ní gbangba. Èkejì ni Labour Party tí Imoudu àti Eskor Toyo gbé dìde. Ẹ kíyè sí i pé Imoudu ò bá ti Goodluck lọ, bẹ́ẹ̀ apá òsì làwọn méjèèjì. Nígbà tí ìdìbò Dísẹ́ńbà dé, òṣìṣẹ́ tó dúró gbọin lẹ́yìn Imoudu lóṣù kẹfà padà sẹ́yìn ẹgbẹ́ ará ilé ẹ̀. Èèyàn lè fi ọkàn tán kómíréèdì lórí owó oṣù kó má sì fún un ní ìbò. Mi ò rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n, wọ́n mọ̀ pé owó oṣù ń ti ọ̀dọ̀ yúníọ̀n wá, ọ̀nà àti omi ẹ̀rọ abúlé sì ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé wá.

Àwọn sójà wá dé. Láwọn ọdún 1970 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adebiyi kalẹ̀ láti yẹ owó àwọn yúníọ̀n wò, ní 1977 wọ́n sì fòfin de àwọn adarí 11, Goodluck wà lára wọn, pé wọn ò gbọdọ̀ ṣe yúníọ̀n mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba fúnra ẹ̀ to àwọn yúníọ̀n keekèèkéé tó wà nílẹ̀ pọ̀ di 42, wọ́n sì kó wọn sábẹ́ ilé kan ní 1978, ìyẹn NLC tá a mọ̀ lónìí. Hassan Sunmonu tó wá láti yúníọ̀n PWD ló kọ́kọ́ jẹ ààrẹ. Àríyànjiyàn àtijọ́ tún bá a débẹ̀: níbi ìdìbò wọn ní Kano ní 1981, àwọn tó pe ara wọn ní "democrats" gbé David Ojeli kalẹ̀ láti lé e, wọ́n ní ó ti sún mọ́ apá òsì jù. Sunmonu ló wọlé. Lọ́dún yẹn náà ló kó wọn jáde fún sítíráìkì lórí owó oṣù tó kéré jù, tí wọ́n fi rí 125 náírà gbà. Nínú gbogbo wọn, tí wọ́n bá ní kí n mú ẹnìkan tó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ará apá òsì láìsọ yúníọ̀n di ẹgbẹ́ òṣèlú, Sunmonu ni màá mú.

Kí Imoudu wá ń ṣe nígbà yẹn? Ó ti ń lọ sí ẹni ọgọ́rin ọdún, ó sì ti tún wọ òṣèlú. Ẹgbẹ́ òṣèlú PRP ti Aminu Kano ló wà, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹ̀ ni. PRP yìí ló gba Kano àti Kaduna ní 1979, Abubakar Rimi àti Balarabe Musa ni gómìnà. Ìjọba Kano yẹn ló kọ́kọ́ fún òṣìṣẹ́ ní ọlidé ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ní 1980, ìjọba àpapọ̀ tẹ̀lé e lọ́dún kejì, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń sinmi nílé ní May Day, ẹ̀bùn ẹgbẹ́ apá òsì nìyẹn, bẹ́ ẹ fẹ́ràn wọn bẹ́ ò fẹ́ràn wọn. Àmọ́ ẹgbẹ́ náà pín sí méjì, Aminu Kano lápá kan, àwọn gómìnà méjèèjì lápá kejì. Ta ni àwọn gómìnà yẹn fi ṣe ààrẹ apá tiwọn? Imoudu. Wọ́n tún wá bá a nílé. FEDECO, àjọ elétò ìdìbò nígbà yẹn, ní ti Aminu Kano làwọn mọ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní báyìí, Labour Party tí wọ́n ń jiyàn lé lórí níbi ìgẹrun. Kì í ṣe ti Imoudu ti 1964. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ́ dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1989, Babangida kọ̀ ọ́, ó kọ gbogbo ẹgbẹ́ 13 tó wá forúkọ sílẹ̀, ó wá fọwọ́ ara ẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì, SDP àti NRC, sílẹ̀. Ní 2002 wọ́n rí ọ̀kan forúkọ sílẹ̀, Party for Social Democracy, òun ló yí orúkọ padà sí Labour Party ní 2004. Nítorí náà òótọ́ ni pé NLC ló bí i. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí ti kúrò nílé tipẹ́. Mimiko fi í ṣe gómìnà Ondo láti 2009, ó sì gbé e jù sílẹ̀ lọ sí PDP ní 2014. Peter Obi gùn ún ní 2023, ó rí ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, ó tilẹ̀ borí l'Èkó, bẹ́ẹ̀ Obi kì í ṣe sósálíìsì, oníṣòwò ni. Nígbà tó di 2024 NLC àti alága ẹgbẹ́ náà ń fa ọ́fíìsì mọ́ ara wọn lọ́wọ́ l'Abuja. Ẹni tó bá ń sọ pé NLC ló ni Labour Party, kó wo ìjà yẹn dáadáa. Adams Oshiomhole náà ńkọ́, kómíréèdì tó darí NLC láti 1999 dé 2007? Ó di gómìnà Edo, ó sì di alága APC. Kómíréèdì ti di oyè báyìí, bí Alhaji, kò sọ ibi tí èèyàn ń lọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìwé yẹn. Tí wọ́n bá ní adarí òṣìṣẹ́ kan so mọ́ apá òsì, ohun tí mo máa ń béèrè ni: irú okùn wo? Ṣé ó ní káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, bíi Goodluck ní SWAFP? Ṣé àjọ ilẹ̀ òkèèrè kan ni ẹgbẹ́ ẹ̀ bá dòwò pọ̀? Ṣé wọ́n kàn fi í ṣe ààrẹ torí pé ó ní èrò ẹ̀yìn? Ṣé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni wọ́n, tí wọ́n ń bá a kọ sípíìṣì? Àbí ẹnìkan ló háyà yàrá nínú ilé ẹgbẹ́ ẹ̀, tó ń ta ìwé níbẹ̀? Èyí tó kẹ́yìn yẹn, tó bá jẹ́ pé okùn ni, a jẹ́ pé gbogbo lándílọ́ọ̀dù Èkó ti wọ gàù.

Onígbàjámọ̀ bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé Imoudu fúnra ẹ̀ wá ńkọ́, ṣé kọ́múníìsì ni àbí kì í ṣe kọ́múníìsì? Mo ní sósálíìsì ni, ó fara mọ́ wọn láti 1950 títí dọjọ́ ogbó ẹ̀, kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n 1950 kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìjà. Wọ́n ti lé e níṣẹ́, wọ́n ti há a mọ́ Auchi, ó ti dé, ó ti dá reluwé dúró, kó tó di pé ẹgbẹ́ apá òsì kankan wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Ọdún 2005 ló kú, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Ilorin ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní ṣé ìjọba tó fi í sẹ́wọ̀n náà ni? Mo ní ti òyìnbó nìyẹn. Ó ní hẹn-ẹn, ó tan ẹ̀rọ ẹ̀ padà.